Ká Tó Tú Ẹrù Ẹlẹ́rù, Ká Béèrè Orúkọ Ajá

Àwọn àgbà a máa ní, "Ká tó tú ẹrù ẹlẹ́rù, ká béèrè orúkọ ajá." Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àbí? Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó pa orúkọ ajá pọ̀ mọ́ ẹrù? Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí iná tábà jó ààfin ìlú Agbédè, ọba fòfin dè é pé tábà kò gbọdọ̀ wọ ìlú mọ́. Ó fi Òjẹ́labí sẹ́nu ibodè, òun àti ajá rẹ̀. Ẹnu àwọn aládùúgbò kò kúrò lára Òjẹ́labí yìí. Wọ́n ní kò sí ọgbọ́n lágbárí rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé orúkọ ajá la fi ń fèsì irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bá sọ ajá rẹ̀ ní Óńbẹ, ìyẹn ni pé ọgbọ́n náà ń bẹ níbẹ̀. A ò ní bá a jiyàn.

Bí ojú àlejò kan kò bá ti wù ú, Òjẹ́labí á nawọ́ sí ẹrù onítọ̀hún, á ní, "Óńbẹ?" Ajá á gbó. Ajá wo ni wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ tí kò ní dáhùn? Ṣùgbọ́n lójú gbogbo èrò, oníbodè ń béèrè bóyá tábà ń bẹ, ajá sì ń dáhùn pé ó ń bẹ. Wọ́n á tú ẹrù náà palẹ̀. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan, Òjẹ́labí á ní òórùn tábà ló kù. Èyí tó ṣeni láàánú jù ni pé òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń sin ìyàwó kan, Àwẹ̀ró, gba ibodè lọ sílé ọkọ. Èèwọ̀ ni nígbà náà láti tú ẹrù ìyàwó lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá tú u, ilé ọkọ ò ní gbà á, ìyàwó á sì padà sílé bàbá rẹ̀. Òjẹ́labí nawọ́ sí ẹrù náà.

"Óńbẹ?"

Ajá gbó. Àwẹ̀ró bú sẹ́kún, ó sì tọ́ kó sunkún.

Ìyá Ìge, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ṣíwájú wọn, ní, "Oníbodè, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ ajá yín?"

"Óńbẹ ni."

Ajá gbó, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó nawọ́ sí nǹkan kan. Ìyá Ìge rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yíjú sí àpò tí oníbodè fi kọ́ ẹ̀ka igi, ó nawọ́ sí i, ó ní, "Óńbẹ?" Ajá tún gbó.

"Ajá ti wí tiẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Ẹ jẹ́ ká tú àpò yín wò."

Òjẹ́labí sáré gbá àpò mọ́ra. "Ẹ má tú u, ìyá. Ẹrù mi ni."

"Èyí náà, ẹrù Àwẹ̀ró ni."

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Òjẹ́labí wo ajá, ó wo ilẹ̀, ó sì yà kúrò lọ́nà. Àwẹ̀ró wọlé ọkọ, ẹrù rẹ̀ wà ní dídì bí ìyá rẹ̀ ṣe dì í. Nígbà tí ọba gbọ́, ó pàṣẹ pé gbígbó ajá nìkan kò tó mọ́ láti fi tú ẹrù ẹnikẹ́ni. Títí dòní, a ò mọ ohun tó wà nínú àpò Òjẹ́labí, kò sì kàn wá.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí aláṣẹ kan bá fẹ́ yẹ ilé tàbí àpò ẹlòmíràn wò, tó ní ẹ̀rí òun ti sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ òun alára ló kọ́ ẹ̀rí náà lóhùn, àwọn àgbà á rọra dá a dúró. Wọ́n á ní ká tó tú ẹrù ẹlẹ́rù, ká béèrè orúkọ ajá.