Èèbù Àwọn Tí A Kò Tíì Bí

"Àlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ohùn yín kò dé ọ̀dọ̀ mi. Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni?"

"A ti jẹun, Ìyá àgbà."

"Kí lẹ ṣẹ́ kù sínú abọ́?"

"Abọ́ náà ni."

"Ẹ wá jókòó."

Ní ìgbà kan rí, òjò kọ̀, iṣu kò ta dáadáa nínú oko àwọn ẹranko. Ehoro lóyún lọ́dún náà, ebi sì ń pa á ju ẹnikẹ́ni lọ. Síbẹ̀, bí ọjọ́ bá rọ̀, ó máa ń lọ jókòó níbi tí Òkété àgbà ti ń kó àwọn ọmọ jọ. Òkété kì í fún wọn ní ìdáhùn. Ìbéèrè ló máa ń jù sílẹ̀, wọn a sì máa fà á bí ajá ti ń fa eegun.

Lọ́jọ́ kan, ó bi wọ́n pé ta ló ni iṣu ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀kan ní àgbẹ̀ ni. Òmíràn ní òjò ni. Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ na ọrùn sókè.

"Àwọn tí a kò tíì bí ni. Bí a bá jẹ èèbù tí a ó gbìn tán lónìí, kí ni wọ́n máa bá láyé?"

Ehoro fọwọ́ lé ikùn. Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn àgbà létí. Wọ́n pinnu pé kí ilé kọ̀ọ̀kan yọ iṣu mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún èèbù, kó jẹ́ ti àwọn tó ń bọ̀.

Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, wúkọ́. Ó ní ìpinnu náà dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá wọn tọ́jú rẹ̀?

"Èmi ni wọ́n yàn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá bá mi lójú àlá. Baba ni wọ́n ń pè mí."

Àwọn ẹranko wo ara wọn. Ta ló máa ní irọ́ ni? Ẹni tí a kò tíì bí kò lè wá jẹ́rìí. Wọ́n ru iṣu lọ kún àká Ìjàpá. Ehoro náà ru tirẹ̀, ó mu omi sùn.

Oṣù méjì kọjá. Gbogbo wọn rù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìjàpá nìkan ló ń dán. Bí wọ́n bá bi í, á ní àlá rere ló ń bọ́ òun.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ehoro bí mẹ́fà. Ó wò wọ́n títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀, ó kọrí sílé Ìjàpá. Òkété àtàwọn ọmọ tẹ̀ lé e.

"Baba àwọn tó ń bọ̀, ẹ kú ìtọ́jú. Wọ́n ti dé. Wọ́n ní kí ẹ kó èèbù àwọn fún àwọn."

Ìjàpá yọjú wo inú apẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn wọ̀nyí kọ́. A ti bí àwọn wọ̀nyí. Àwọn tí a kò tíì bí ló rán òun níṣẹ́.

Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ họrí. "Baba Ìjàpá, ẹ má bínú, ó rú mi lójú. Ẹni tí a kò tíì bí kò lẹ́nu tó máa fi jẹun. Ẹni tí a ti bí, ẹ ní kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ta ló wá ń jẹ iṣu náà?"

Wọ́n ṣí àká. Èèpo iṣu ni wọ́n bá, òkìtì lórí òkìtì, àti èèbù mẹ́rin péré tó ń hu ní kọ̀rọ̀.

Èèbù mẹ́rin kò tó ilé kan gbìn. Ehoro jókòó sílẹ̀. Òkété bá ránṣẹ́ sí àwọn ẹranko òdì kejì odò, tí wọn kò bá wọn jẹun rí. Ìdajì èèbù tiwọn ni wọ́n rù wá. Ehoro bi Ọ̀yà, olórí wọn, pé kí ló dé tí wọ́n fi ṣe é.

Ọ̀yà ní, "Òjò tó kọ̀ fún yín, òun náà ló kọ̀ fún wa."

Ìjàpá ni wọ́n ní kó kọ gbogbo ebè ọdún náà. Ehoro jókòó ní eteetí oko, ó ń fọ́mọ lọ́mú, ó ń wò ó.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bí ẹnìkan bá ń gbẹnu sọ fún àwọn tó ń bọ̀, ẹ wò ó bóyá ẹnu ọ̀hún ń jẹun. Ẹ máa bèèrè. Ọ̀la kì í ṣe ti ẹnìkan, kì í sì í ṣe ti ìlú kan. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí iṣu mi má ta lọ́dún yìí.

Àwẹ̀ró, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́ náà, ká ẹní rẹ̀, ó ń wọlé lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn.

"Ìyá àgbà, àwa ńkọ́? Ta ló fi tiwa sílẹ̀ kí wọ́n tó bí wa?"