Ìdí Tí Igi Odán Fi Ní Ẹsẹ̀ Púpọ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí igi odán ṣì ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bíi ti àwọn igi yòókù, ọ̀kan wà láàárín abúlé Belpúrà ní ilẹ̀ Íńdíà.

Abúlé náà kò tóbi, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ kò lóǹkà. Àwọn olórí ẹ̀sìn ní àwọn ló ga jù. Àwọn onílẹ̀ ní ó dáa, àwọn ló tẹ̀ lé wọn. Amọ̀kòkò ní òun ju alágbàfọ̀ lọ, alágbàfọ̀ ní òun ju onígbàjámọ̀ lọ. Onígbàjámọ̀ sì ń wo gbogbo wọn láwòmọ́jú, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni orí gbogbo wọn wà. Bí ènìyàn bá ṣe ga tó ni yóò ṣe jókòó sún mọ́ ìdí odán tó.

Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni Súkíà wà, obìnrin tó ń fi awọ rán bàtà. Kò gbọ́dọ̀ dé abẹ́ ibòji rárá. Bàtà tó rán lè débẹ̀ o. Ẹsẹ̀ àwọn ọlọ́lá ló ń gbé e lọ. Ẹni tó fọwọ́ kan awọ òkú ẹran láti rán an ni wọ́n ní ó léèérí. Inú oòrùn ni òun àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ń jókòó, tí ara ọmọ ń gbóná bí iná.

Lọ́dún kan, òjò kọ̀. Ewé odán bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Rámdéò, olórí abúlé, pe ìpàdé.

"Ta ni yóò bomi rin igi yìí?"

"Èmi ń gbàdúrà ní tèmi," ni olórí ẹ̀sìn wí. "Ṣé kí n tún máa ru omi ni?"

"Èmi ló mọ ìkòkò," ni amọ̀kòkò wí. "Ẹni tó mọ ọ́n kọ́ ló ń fi í pọnmi."

Onígbàjámọ̀ ní igi kò nírun, kò kan òun.

Wọ́n yin ara wọn fún ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, wọ́n túká.

Súkíà pọnmi lódò, ó ń bọ̀ wá sídìí igi. Rámdéò fi igbe ta.

"Dúró níbẹ̀, obìnrin yìí! O fẹ́ sọ igi wa di aláìmọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, baba, igi ń kú lọ."

"Kó kú! Ṣùgbọ́n kó kú ní mímọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Súkíà wọra. Ó wo ṣóńṣó ẹ̀ka tó nà jù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè orí rẹ̀.

"Baba Odán, ibi tí wọ́n jẹ́ kí n dé nìyí." Ó da omi sílẹ̀ níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń dà á.

Odán gbóòórùn omi. "Ọmọ mi," ló wí, "bí wọn ò bá jẹ́ kó o wá, èmi á wá bá ọ."

Ó sọ gbòǹgbò tín-ín-rín kalẹ̀ láti orí ẹ̀ka. Gbòǹgbò mumi, ó ki, ó di ẹsẹ̀. Ẹ̀ka gùn sí i, ibòji bo Súkíà àti ọmọ rẹ̀, ọmọ sì sùn fọnfọn. Ni àwọn ẹ̀ka yòókù bá ń sọ tiwọn kalẹ̀ káàkiri.

Nígbà tí òjò padà dé, àwọn ọlọ́lá wá jókòó.

"Ìdí igi dà?" ni Rámdéò béèrè.

"Èyí ni!" ni olórí ẹ̀sìn wí.

"Irọ́ o, ọ̀dọ̀ mi níbí ni!" ni amọ̀kòkò wí.

Súkíà fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó ń fọ́mọ lọ́mú.

Láti ọjọ́ náà ni odán ti ń sọ gbòǹgbò kalẹ̀ látorí ẹ̀ka, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ti àwọn ọlọ́lá, wọ́n ní àwọn ò ní jókòó títí wọn yóò fi mọ ẹni tó sún mọ́ ìdí igi jù. Wọ́n ṣì wà lórí ìdúró.