Ìwé Tí Moróunkéjì Wá Tì

Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ìgbéraga ò jẹ́ kí Moróunkéjì béèrè. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nílé ìkàwé débi pé ó lè dijú mú ìwé lórí pẹpẹ. Nígbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé, tí wọ́n ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì wá ìwé, kò yé e rárá, síbẹ̀ ńṣe ló ń mi orí. Ṣé Ìbíyẹmí, ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, ló máa wá lọ bi?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá kan wá béèrè ìwé lórí oyin sísìn. Moróunkéjì jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó dojú kọ bọ́tìnnì, ó ń tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà.

"Bàbá, mo wá a títí. Kò sí níbẹ̀."

Bàbá rọra wúkọ́. "Màdáàmù, iná ti lọ kí ẹ tó jókòó."

Ó ṣe Moróunkéjì bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ìbíyẹmí tó jókòó nítòsí ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹrí ba bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyẹn ló dun Moróunkéjì jù.

Nígbà tí iná dé, ó sún mọ́ ọmọ náà, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá.

"Ìbíyẹmí, jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ti ń tan nǹkan yìí?"