Ewé Méjì Tó Da Ojú Alágẹmọ Rú

Nígbà láéláé, ojú Alágẹmọ méjèèjì a máa wo ibì kan náà, bíi ti ẹranko yòókù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá. Bí wọ́n bá pè é báyìí, ó ti dé.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ojú ẹsẹ̀ wé ojú ẹsẹ̀. Bí olè bá wọ oko, Alágẹmọ á tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù lé ibi tí olè tẹ̀. Á fi èékánná lu ihò wẹ́wẹ́ yí etí ojú ẹsẹ̀ náà ká. Á ṣe bẹ́ẹ̀ sí ojú ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n fura sí. Lẹ́yìn náà, á gbé ewé kan lé èkejì, á nà wọ́n sí oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba gbogbo ihò kọjá, ẹsẹ̀ kan náà ni.

Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ a máa mú kí ojú ẹsẹ̀ fẹ̀. Nítorí náà, bí ewé kan bá tóbi ju èkejì lọ, Alágẹmọ á sá a sóòrùn. Bí ó ṣe ń gbẹ ni yóò máa súnkì, tòun ti àwọn ihò ara rẹ̀, títí yóò fi tó ìkejì rẹ̀. Kì í gé e. Bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé ewé tí a gé ti di ewé mìíràn.

Ní ọdún kan, ọ̀gbẹlẹ̀ mú gan-an. Kòtò omi kan ṣoṣo ló kù. Gbogbo ẹranko fohùn ṣọ̀kan pé ẹni tó bá jalè kò ní mu níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀yà gbin ànàmọ́ sí akùrọ̀ létí omi náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ebè rẹ̀ ní títú.

"Ànàmọ́ mi o!" Ọ̀yà figbe ta. "Kí ni àwọn ọmọ mi ó jẹ?"

"Ẹtu ni mo rí tó ń kọjá níbí," Ìmàdò dáhùn kíá.

Ẹranko pé jọ. Kò sí ẹni tó dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n ń tẹ ilẹ̀ kìtìkìtì, wọ́n ń na ọrùn síbi omi, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n.

Alágẹmọ lu ihò sí ewé tó tẹ́ sórí ẹrẹ̀ akùrọ̀. Ẹtu tẹ ẹsẹ̀ sínú eruku, Alágẹmọ sì lu tirẹ̀ náà sí ewé kejì. Ti akùrọ̀ tóbi púpọ̀. Alágẹmọ bá sá a sóòrùn.

"Ẹ ní sùúrù," ó wí. "Ó di ìrọ̀lẹ́."

"Ìrọ̀lẹ́ kẹ̀?" Ìmàdò kígbe. "Ṣé ẹjọ́ lo fẹ́ dá ni, àbí ẹ̀kọ lo fẹ́ pọ́n?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ," Ẹtu bẹ̀bẹ̀. "Ọmọ mi ṣì ń mu ọmú. Bí n kò bá rí omi mu, kí ni yóò rí mu lára mi?"

"Alágẹmọ ti gbàgbé iṣẹ́!" ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. "Dá a ká gbọ́!"

Ara Alágẹmọ kò balẹ̀ mọ́. Ó wo oòrùn, ó wo èrò. Ó fa ewé ńlá náà mọ́ra, ó gé etí rẹ̀ yípo títí ó fi tó ti Ẹtu. Ó gbé méjèèjì sókè. Àwọn ihò ojú ìlà tó la ẹsẹ̀ sí méjì bára mu láàárín, ìmọ́lẹ̀ sì yọ níbẹ̀.

"Ó... ó jọ ọ́," ó wí.

Wọn kò jẹ́ kó sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lé Ẹtu tòun tọmọ wọ igbó gbígbẹ.

Ìgbín ló wọ́ dé nígbẹ̀yìn, tó fẹ́ jẹ ewé tí Alágẹmọ gé sọnù.

"Alágẹmọ, ṣé ìwọ lo lu ihò sí èyí, àbí kòkòrò ló jẹ ẹ́?"

Alágẹmọ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó to gbogbo ègé padà síbi tí wọ́n ti wà. Àwọn ihò náà fi ojú èékánná kékeré méjì hàn lẹ́yìn ẹsẹ̀ náà. Ojú ẹsẹ̀ Ẹtu kò ní irú rẹ̀. Ó gbójú sókè. Ìmàdò ló ń mumi, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tò sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èékánná kékeré méjì.

"Ìmàdò!"

Ìmàdò na ìrù sókè, ó sá lọ.

Alágẹmọ sáré wọ igbó. "Ẹtu! Padà wá o! Èmi ni mo ṣì í!"

Ṣùgbọ́n ìró ẹsẹ̀ nìkan ni Ẹtu ń gbọ́. Ó rò pé èrò ló tún ń bọ̀. Bí Alágẹmọ ṣe ń sáré tó, bẹ́ẹ̀ ni Ẹtu ń jìnnà sí i. Alágẹmọ gun igi. Ó yí ojú kan sí ọ̀tún láti wá ìyá, ó yí èkejì sí òsì láti wá ọmọ. Kò rí ìyá, kò rí ọmọ.

Láti ọjọ́ náà ni ojú Alágẹmọ méjèèjì kò ti wo ibì kan náà mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Ẹtu kì í ti í mumi kó má gbórí sókè wò yíká. Bí ẹ bá sì rí Alágẹmọ lórí ẹ̀ka, tó gbé ẹsẹ̀, tó fà á sẹ́yìn, tó tún gbé e, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ kó dá òun lójú ni, kí ó tó tẹ ẹ̀ka náà.