Ihò Tó Wà Lẹ́yìn Àpótí Onírúmbà

Nígbà láéláé, nígbà tí àpótí kò tíì ní ihò lẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kò sì rò pé ohùn wà nínú pákó rẹ̀, ìlú kan wà ní etí òkun, ní òdìkejì omi lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa pọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ tí wọn kò fẹ́ wọ̀ ló gbé àwọn baba wọn débẹ̀, ṣùgbọ́n ijó tó wà lára wọn kò já bọ́ sómi lójú ọ̀nà.

Lára wọn ni Siríàko, alábàárù tó ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi. Láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, ẹrù ló ń rù. Bó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, á gbé Ìlù rẹ̀ sáàárín àgbàlá, á lù ú, gbogbo àdúgbò á sì jó. Ìyá rẹ̀, Ìyá Kándída, ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sójú agbo. Ìyá náà ti darúgbó gan-an. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹsẹ̀ máa ń dùn ún, ṣùgbọ́n bí Ìlù bá ti dún lọ́jọ́ Ìsinmi, kì í rántí ìrora kankan.

Ní igun àgbàlá yẹn ni Àpótí ń gbé. Pánla ni wọ́n kó sínú rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ti kó pánla tán, òórùn rẹ̀ ló kù. Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ pánla. Bó bá wọlé lónìí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí òórùn rẹ̀ tó jáde.

Àpótí fẹ́ràn ijó. Bí Ìlù bá ti dún báyìí, gbogbo pákó ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Ìlù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sún mọ́ agbo díẹ̀."

Ìlù wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ wo? Ìwọ tó ń rùn báyìí? Awọ ewúrẹ́ ló wà lójú tèmi, ó mọ́, ó ń dán. Kí ló wà lójú tìrẹ? Igi ìdáná ni ọ́, jókòó jẹ́ẹ́ kí o máa retí àáké."

Ọ̀rọ̀ náà dun Àpótí wọ eegun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò léegun. Òótọ́ sì ni. Láyé ìgbà náà, bí àpótí bá ti ṣófo, wọn á là á, wọn á fi dáná. Siríàko ti pọ́n àáké sílẹ̀ de ọjọ́ Ajé.

Àpótí bá bẹ Atẹ́gùn. "Ẹ bá mi gbé òórùn yìí lọ. Bóyá bí n kò bá rùn mọ́, wọn á dá ẹ̀mí mi sí."

Atẹ́gùn fẹ́, ó fẹ́, ó fẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Òórùn pánla kò kúrò níbẹ̀.

Àṣé gómìnà ìlú náà ti ń bínú ní tirẹ̀. Ọkùnrin náà kò mọ ijó í jó, ariwo ìlù kì í sì í jẹ́ kó sun oorun ọ̀sán. Ó pàṣẹ pé ohunkóhun tí wọ́n bá fi awọ bò lójú, kí àwọn ṣọ́jà kó o jọ, kí wọ́n dáná sun ún.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ṣọ́jà wọ àdúgbò. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú lókè ọ̀nà. Jìnnìjìnnì bo Ìlù.

"Mo gbé o! Ibo ni mo máa wọ̀?"

Ó bẹ Ìkòkò omi, ẹnu Ìkòkò kéré jù. Ó bẹ Ibùsùn, ẹsẹ̀ Ibùsùn kúrú jù. Ó wá dé ọ̀dọ̀ Àpótí, kò lè gbójú sókè.

"Àbúrò mi…" ó ní. Ó kọjú sí èéfín tó ń rú lókè ọ̀nà.

Àpótí rántí èébú. Ó tún rántí Ìyá Kándída. Bí wọ́n bá sun Ìlù, kí ni ìyá yẹn máa jó sí?

"Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ẹ má bínú pé ó ń rùn."

Siríàko gbé Ìlù sínú Àpótí, ó fi pákó dé e. Kò pẹ́ tí Ìlù fi ké nínú lọ́hùn-ún pé, "Mi ò lè mí!" Siríàko mú àáké tó ti pọ́n sílẹ̀, ó fi ẹnu àáké náà gbẹ́ ihò róbótó sẹ́yìn Àpótí. Ó dun Àpótí, ṣùgbọ́n kò pariwo. Siríàko bá jókòó lé e, ó ya ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ṣe bí ẹni tó ń sinmi.

Ṣọ́jà kan wọlé. "Ìlù rẹ dà?"

"Kò sí ìlù níbí o, ọ̀gá."

Ẹ̀rù ba Siríàko. Ọwọ́ onílù sì rèé, bí ẹ̀rù bá bà á, kì í dúró jẹ́ẹ́. Kí Siríàko tó mọ̀, ìka rẹ̀ ti ń lu ojú Àpótí láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀: gbì-pa, gbì-gbì-pa. Ìlù tó wà nínú kò lè mú un mọ́ra, ó dáhùn jẹ́jẹ́: hùn-ún.

Ojú ṣọ́jà là. "Kí ló ń dún níbẹ̀?" Ó rìn yípo dé ẹ̀yìn, ó rí ihò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yọjú wo inú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Àpótí kó gbogbo òórùn tí Atẹ́gùn kò lè gbé jọ, ó sì tú u jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ṣọ́jà fò sẹ́yìn, ó di imú mú. "Pánla! Háà! Irú pánla wo nìyí?" Ó wo ojú Àpótí láti ọ̀nà jíjìn. Pákó lásán ni, kò sí awọ lójú rẹ̀. Awọ sì ni gómìnà dárúkọ. Ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ó ń wúkọ́.

Ìyá Kándída dìde lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ mi, kí lo fọwọ́ lù yẹn?"

"Àpótí ni, Màmá. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Jẹ́ kí ẹ̀rù tún bà ọ́ kí n gbọ́."

Siríàko rẹ́rìn-ín, ó lù ú. Ìyá Kándída bọ́ sójú agbo, ó jó, omi ayọ̀ ń dà lójú rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò dà wọlé. Ijó ọjọ́ náà ni wọ́n wá ń pè ní rúmbà.

Ọdún púpọ̀ kọjá, gómìnà mìíràn dé, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Ìlù jáde. Ó ń rùn bíi pánla, gbogbo ènìyàn fi rẹ́rìn-ín, kò dùn ún. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Àpótí.

"Òórùn tí mo fi bú yín ló gbà mí là," ó ní. "Ẹ ṣeun. N kò lè dúpẹ́ tán láé."

Siríàko sọ àáké sínú òkun. Láti àgbàlá rẹ̀ ni rúmbà ti bọ́ sí àgbàlá mìíràn, ó dé èbúté mìíràn, ó bá gìtá àti fèrè pàdé, giramafóònù sì gbé e padà wá bá àwa tí a kù nílé. A dúpẹ́ pé kò sọnù.

Láti ọjọ́ náà ni onílù ti ń jókòó lé àpótí kó tó lù ú, tí ihò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí orin bá dáwọ́ dúró, ẹ fetí sí ihò náà. Ẹ ó gbọ́ nǹkan kan tó ṣì ń dún jẹ́jẹ́ nínú lọ́hùn-ún. Ohùn Ìlù tó kù síbẹ̀ ni, kò tíì dúpẹ́ tán.