Àmín Tí Wọ́n Ṣe sí Kẹ̀kẹ́ Fágbèmí

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní ti Lámídì tó ń ta kẹ̀kẹ́, ọrùn ni ọ̀ràn náà bá.

Lọ́jọ́ tí Fágbèmí oníbúrẹ́dì ra kẹ̀kẹ́ tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, Lámídì gbọ́wọ́ lé kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni ń súre fún ìyàwó. Ó ní, “Bí irin rẹ̀ bá ṣẹ́ kí iṣu tuntun tó jáde, orí mi ni n ó fi gbé e padà, n ó sì fún ọ ní òmíràn. Ẹ ṣe àmín!” Gbogbo ìsọ̀ tó wà nítòsí ṣe àmín.

Iṣu kò tíì jáde tí irin fi dá sí méjì lọ́nà abúlé. Fágbèmí fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn dé ìsọ̀ Lámídì, ẹ̀rù ń bà á kí búrẹ́dì má bu mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, kẹ̀kẹ́ yín ti ṣẹ́.”

“Kẹ̀kẹ́ mi kẹ̀? Ṣé erin lo gbé lé e ni? Àdúrà lásán ni mo ṣe lọ́jọ́ yẹn.”

Ìyá onílẹ̀kẹ̀ tó wà ní ìsọ̀ kejì dìde. “Lámídì, ṣé irọ́ lo ní ká ṣe àmín sí? Kí Ọlọ́run tó dáhùn, àwa ti gbọ́.” Ó ká aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ ní òṣùká, ó gbé e lé Lámídì lórí.

Lámídì lọ gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ́nà abúlé, ó rù ú la ìlú já padà sí ìsọ̀. Nígbà tó fa òmíràn jáde fún Fágbèmí, gbogbo ìsọ̀ pariwo pé, “Ṣàdúrà sí i, àmín wa ti wà nílẹ̀!”

Lámídì fọwọ́ ra ọrùn. Ó tẹ irin kẹ̀kẹ́ náà wò, ó fún gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ le, kó tó lanu.