Àwọn Tó Wá Ya Ìyá Efúnyẹmí ní Fọ́tò

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe ìwádìí lórí ẹ̀sìn Ọbàtálá tán, ó wá ku fọ́tò. Wọ́n tọ Ìyá Efúnyẹmí, olórí àwọn olùsìn, lọ, wọ́n ní kó wọ aṣọ àlà.

"Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé yín sí mi létí."

Adéwùsì, ọ̀kan nínú wọn, kà á pé àwọn olùsìn máa ń mu ẹmu yó níwájú òrìṣà.

Ìyá figbe ta. "Ẹmu tó jẹ́ èèwọ̀ wa! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Pásítọ̀ kan ni, Màmá."

"Ẹ kò sì bi èmi! Kí àwọn ọmọ-ọmọ mi lè kà á nílé ìwé pé ọ̀mùtí ni mí?" Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà. "Ẹ lọ da àlà bo pásítọ̀, kí ẹ ya òun!"